‘Care’ àti ‘Cure’ Kò Bára Tan

Kí n tó di ẹni tó ń ti àga onítáyà kiri ní ìlú òyìnbó, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra ni mo fi ń jẹun. Ní Ọ̀rẹ̀ ni, nílé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Bí mo bá kọ ‘quiet’ àti ‘quite’ sójú pátákó, tí mo ní kí kíláàsì pè é, tírélà kan á fọn fèrè lójú títì, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á dúró títí ariwo á fi kọjá. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe torí pé ojú jọra pe ọ̀rọ̀ méjì ní mọ̀lẹ́bí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé tí kálukú ti wá, màá ní. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí olùkọ́ tó ń gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ ní ẹ mọ ẹyọ kan.

N kò ní í sọ bí mo ṣe rin ìrìn àjò náà. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ìyẹn, ẹnu wọn kì í sì í kò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ìyá mi, àti ti obìnrin kan tí mo ń pè ní Tíṣà, àti bó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n fi àìsàn ìyá mi pamọ́ fún mi títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Ibi tí mo ti ríṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní ‘hospice’. Mo ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rí, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ọsibítù kékeré ni, mo sọ fún ara mi, ó ṣáà jọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé, kò sí òórùn oògùn, kò sí ẹni tó ń sáré. Òdòdó wà lójú fèrèsé, ológbò kan sì sùn sórí àga bí onílé. Helen, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, mú mi yí ilé náà ká. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀, ọsibítù ti ṣe gbogbo ìwọ̀n tó lè ṣe fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń gbìyànjú láti wò wọ́n sàn mọ́. Ohun tí wọ́n bá wá ni pé kí ara tù wọ́n títí wọ́n á fi kú. Ó sọ "kú" bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án. Èmi wolẹ̀. Nílé wa, a kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn níbi tí aláìsàn wà. A kì í tiẹ̀ sọ ọ́ ní yàrá kejì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo pe ìyá mi ní Odigbo. Ìyá mi ń ṣe púpurú tà. Ó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, ó ń rún un, ó ń fọwọ́ mọ ọ́n róbótó, ó ń yan án lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n fún èéfín. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ yìí, ọmọ Aládùúrà ni. Ọjọ́rú kan kì í kọjá kó má wọ aṣọ funfun lọ sílé àdúrà, bí wọ́n bá sì ń wá ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Ó bi mí léèrè irú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ọsibítù ni. Ó pariwo "Ògo!" débi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sétí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé ilé tí ọmọ rẹ̀ wà, ibi tí wọn kì í ti retí ìwòsàn ni?

Yàrá tí mo gbà kò fẹ̀ ju kí ènìyàn nà tán lọ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó mú un móoru kò ṣiṣẹ́. Onílé ń ṣèlérí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bítúmẹ́ẹ̀nì Agbabu tí mo ti ń gbọ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú pé ìjọba máa tó wà jáde nílẹ̀. Mo fara mọ́ òtútù. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń kí ènìyàn. Nílé, bí mo bá jáde lówùúrọ̀, ìkíni nìkan lè mú mi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Níbí, mo kí ọkùnrin kan níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo sunkún nítorí ìyẹn ju nítorí òtútù lọ, mi ò sì ní í purọ́ fún yín pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

* * *

Yàrá tó kọjú sí ọgbà ni wọ́n gbé obìnrin tí mo wá ń pè ní Tíṣà sí. Gẹ̀ẹ́sì lèmi àti òun jọ ń sọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ́kàn ni mo ṣe máa kọ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," mo ní, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀ bó ti mọ́ mi lára.

Ó wò mí láti orí ìrọ̀rí. "Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ ẹ tí ò ń wá nílẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó jábọ́, mà. Mò ń kí yín ni."

"Orúnkún lo fi ń kí mi?" Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. "Èmi ò bímọ rí, nítorí náà èmi kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Margaret lorúkọ mi."

Gbogbo ilé ló ń pè é ní Margaret, títí dórí ọmọbìnrin tó ń pín tíì, ẹni tó tó ọmọ-ọmọ fún un. Èmi ò lè pè é. Obìnrin náà ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láì pe orúkọ kankan, mò ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láti àárín bí ẹni tó jẹ gbèsè. Òun náà kíyè sí i. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Látìn, ara mi balẹ̀. Mo sọ fún un pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lèmi náà, àti pé nílùú wa, ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ níwèé rí, Tíṣà là ń pè é títí ayé.

"Tíṣà," ó tún un pè. "Ìyẹn dáa. Ìyẹn ni mo ṣiṣẹ́ fún."

Láti ọjọ́ náà ló ti di Tíṣà, àwa méjèèjì sì di ọ̀rẹ́, àfi ti ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ikọ́ ló mú un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó hú u, ó hú u, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo gbé e dìde, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo sì sọ ohun tí mo ti ń sọ fún aláìsàn látìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ara yín á yá. Láìpẹ́, ẹ máa padà sílé yín."

Ikọ́ náà dá. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé dókítà bá ẹ sọ nǹkan kan?"

Kò dúró gbọ́ èsì mi. Ó ti tẹ aago ìpè. Nígbà tí Helen dé, Tíṣà bi í léèrè bóyá àyẹ̀wò tuntun ti jáde, bóyá wọ́n ṣì òun wò tẹ́lẹ̀ ni. Mo rí i bí ìrètí ṣe dé ojú obìnrin àgbà yẹn. Helen jókòó tì í, ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, mo sì rí i bí ìrètí náà ṣe kúrò. N kò tíì gbàgbé ojú yẹn.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Helen kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣáà bi mí pé kí ló dé.

"Bí a ṣe ń kí aláìsàn nílé wa nìyẹn," mo ní. "Kì í ṣe irọ́. Àdúrà ni."

"Ó yé mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìròyìn ni òun gbọ́."

Mo padà wọlé láti tọrọ àforíjì. Tíṣà ti kọjú sí ògiri. Ó yíjú padà, ó ní kí n jókòó, ohùn olùkọ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wá pẹ́ńsù.

"‘Care’ àti ‘cure’," ó ní. "Ṣé wọ́n bára tan?"

Mo wò ó pé wọ́n jọra, iṣẹ́ wọn sì fara pẹ́ra. Èmi tí mo ti fi ẹnu ara mi kìlọ̀ fún odidi kíláàsì! Mo ní wọ́n bára tan.

"Wọn ò bára tan rárá." Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó ní láti èdè Látìn ni ‘cure’ ti wá, ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, ìtọ́jú ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di ìwòsàn. ‘Care’ kò bá ẹnikẹ́ni wá láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá àwọn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ìbànújẹ́, ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. "Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń ‘care’ fún ọ, ẹkún rẹ ló ń sun. O ò lè ‘cure’ mi, ọmọ mi. Èkejì ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Tí ó bá dùn ọ́, jẹ́ kó dùn ọ́. Má ṣáà fi dídùn ẹnu tàn mí."

Ó ti pè mí ní ọmọ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun pè mí bẹ́ẹ̀. N kò rán an létí.

* * *

Bí iṣẹ́ bá ti fúyẹ́ lọ́sàn-án, a máa ń bá ọ̀rọ̀ jà. Òun á mú méjì tó jọra wá, èmi á sọ bóyá mọ̀lẹ́bí ni àbí wọ́n kàn pàdé lọ́nà. ‘Guest’ àti ‘ghost’: mo ní mọ̀lẹ́bí, mo kùnà. Ọ̀tọ̀ ni àlejò, ọ̀tọ̀ ni iwin. Àwọn atẹ̀wé ló ki ‘h’ bọ inú ti iwin nígbà tó yá. ‘Travel’ àti ‘travail’: mo ní wọn ò bára tan, mo tún kùnà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìrìn àjò àti làálàá, inú kan náà ni wọ́n ti jáde, nítorí láyé ìgbà yẹn kò sí ẹni tó rìnrìn àjò tí kò jìyà. Mo ní kí ó má fi ti ìgbà yẹn ṣe, kó wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ilé tí a wà gan-an. ‘Hospice’, ‘hospital’, ‘hostel’, ‘hotel’, àti ‘host’ tó túmọ̀ sí olùgbàlejò: Tíṣà ní ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò tó ń kọjá lọ sùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ‘hostile’ náà jọ wọ́n, ẹbí ni òun náà, ṣùgbọ́n òun ló burú nínú wọn. Láti ara àjèjì kan náà ni wọ́n ti rí àlejò, tí wọ́n sì ti rí ọ̀tá. Ó ku ọwọ́ ẹni tó ṣílẹ̀kùn.

Mo gbé ìyẹn délé, n kò lè gbé e kalẹ̀. Ní Ọ̀rẹ̀, a ní àwọn olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì àti láti apá ibòmíràn. Àwọn kan ti pẹ́ débi tí wọ́n ti kọ́lé, tí ọmọ wọn ń sọ ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ wa jù wá lọ. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá dé, a ó ní, "Àlejò ni wọ́n o." A kò bínú sí wọn. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń sọ nǹkan kan. Èmi náà ti wá di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ibi tó ti wá gan-an, bí mo bá sì ti sọ orúkọ ìlú tí mò ń gbé, wọ́n á ní rárá, ibi tó ti wá gan-an. Wọn ò bínú sí mi. Ó máa ń rẹ̀ mí ṣá.

Ṣùgbọ́n mo ṣẹ́gun lọ́nà kan. Bí mo ṣe ń tẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ kan, mo sọ fún Tíṣà pé nílé wa, ènìyàn kì í dákẹ́ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a máa ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó wá bóyá Gẹ̀ẹ́sì ní irú ẹ̀, ó wá Látìn náà wò, kò rí i, inú bí i díẹ̀. Ó wá kọ́ tiwa. Lọ́jọ́ kejì ló ti ń kí àwọn nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ọmọbìnrin oní-tíì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Helen ń kọjá lọ pẹ̀lú àwo oògùn, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń nulẹ̀, tó ní, "E ku ishe." Kò gbé ohùn rẹ̀ dáadáa. Mo gbé orí sókè, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

* * *

Àkókò yẹn ni ohùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ìyá mi gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ó ṣe yẹ kí ènìyàn pariwo tó lórí fóònù. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ti fura. Ó ní ó rẹ òun díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń dáko kòkó ní Omifunfun tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa, ló ń gbé fóònù. Màmá wà nílé àdúrà. Màmá ń sùn. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni. Bí mo bá ní kó jẹ́ kí n rí ojú wọn lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kọṣẹ́.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wà lókè òkun, a kì í sọ nǹkan burúkú fún un. A ó ní kí ọkàn rẹ̀ má dàrú, kó má lọ ṣubú sójú títì, kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun lọ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá náà ti wà nínú ilẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro láti bá wọn jà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù, bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti jáde. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó mí. Ó tún sọ díẹ̀, ó tún mí. Mo mọ irú èémí yẹn. Iṣẹ́ mi ni. Lẹ́yìn rẹ̀ mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ pé, "Ara á yá, Màmá, lórúkọ Jésù, ara á yá."  Mo jókòó sórí ibùsùn mi.

Mo lọ sọ ọ́ fún Tíṣà lọ́jọ́ kejì. Òun náà ti rẹ̀ gan-an nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn mọ́.

"Ṣé ìyá rẹ fẹ́ kí o mọ̀?"

"N kò mọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Nígbà náà, òun ni kí o bi." Ó wá èémí. "Àbúrò mi máa ń wá síbí, ó máa ń jókòó síbi tí o wà yẹn, ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Mo ń retí kó bi mí. Ó ti ń pẹ́ jù."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí ọkàn mi tó yí padà.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi parí. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọsibítù tí wọ́n ti ń wo ènìyàn sàn. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń kú lọ ni. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń bọ́ wọn. Kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi tí mi ò tíì fi ojú mi rí. Ẹ gbé fóònù fún Iye."

Iye là ń pe ìyá nílé wa.  Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fọn imú.

"Iye ló ní ká má sọ fún ẹ," ó ní níkẹyìn. "Wọ́n ní bí o bá gbọ́, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ìwọ bá mi sọ ọ́, kí ni kí n ṣe?" Ọkùnrin tí n kò rí kó sunkún rí bú sẹ́kún lórí fóònù, mo sì jẹ́ kó sun ún.

Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù fún Iye. Ìkálẹ̀ ni ìyá mi ń bá mi sọ, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé gbogbo wa.

"Ọma mi," ó ní. Bí ó ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

"Iye mi, ẹ sọ fún mi."

"Jẹjẹrẹ ni wọ́n pè é. Dókítà ní kí n máa lọ sílé." Ó mí. "Mò ń gbàdúrà o. Mi ò tíì dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ara mi, mo mọ ohun tó ń sọ fún mi. Bí mo bá wá sọ ọ́ jáde, wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́."

Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé ara á yá. Ó ṣòro.

"Ilé tí o sọ fún bùọ̀dá ẹ yẹn," ó ní, "mo gbọ́ ọ. Kí lẹ máa ń ṣe fún wọn níbẹ̀?"

Mo rò pé ó ń bínú. Mo sọ fún un. Mo ní a máa ń wẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a máa ń yí wọn padà kí ẹ̀gbẹ́ wọn má bó, a máa ń fún wọn ní oògùn kí ìrora tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé tán. Bí ẹnu wọn bá gbẹ, a ó fi omi tọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó gbọ́. Bí wọn ò bá fẹ́, a ó jókòó.

"Ẹ kì í fi wọ́n sílẹ̀?"

"A kì í fi wọ́n sílẹ̀, Iye."

 "Àwọn ènìyàn pọ̀ lórí mi níbí," ó ní. "Wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí pé ibo ló ń dùn mí." Ó tún mí. "Ọma mi, wá ulí, wá sílé. Wá ṣe é fún èmi náà."

* * *

Helen jẹ́ kí n lọ láì béèrè ìbéèrè kejì. Nígbà tí mo lọ dágbére fún Tíṣà, ó bi mí bóyá a ó tún ríra. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, Tíṣà," mo ní. "Mo rò pé ẹ ti máa lọ kí n tó dé. Ó sì dùn mí gan-an."

Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra, ó gbé e sí àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù. Mo kúnlẹ̀ fún un dáadáa, orúnkún méjèèjì, kí n tó jáde. Ó ti lọ lóòótọ́ kí n tó padà. Wọ́n sọ fún mi pé àbúrò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti pé àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ láàárín ariwo àwọn agbèrò, mo gun ọ̀kadà dé Odigbo. Ìyá mi ti fọn, ó kù bí ọmọdé lórí ẹní. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní mi ò jẹun dáadáa. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo bá dókítà kan ní Ọ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì kọ oògùn tó ń pa ìrora fún wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì jọ ń gbà á ṣọ́ lọ́wọ́ ara wa. Nígbà tí àwọn ará ìjọ fẹ́ gbé e lọ sílé àdúrà, ó ní kí wọ́n máa bá òun gbàdúrà níbẹ̀, òun ò dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ilé òun lòun máa wà.

Lọ́sàn-án kan, àwọn obìnrin ìjọ wá kí i nínú aṣọ funfun wọn. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn káàánú mi. Ó ní kí n dìde, kí n lọ sinmi, pé kò yẹ kí ẹni tó ti òkè òkun dé máa ṣe irú èyí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ìyá mi ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. "Iṣẹ́ tó ń ṣe lókè òkun nìyẹn. Àwọn tó ń kú lọ ló ń tọ́jú. Òun ni mo ránṣẹ́ pè."

 Kò sẹ́ni tó sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Obìnrin àgbà náà wo ìyá mi, ó wò mí, ó wá rọra ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ ní òdìkejì ẹní náà, ó bi mí léèrè ibi tí òun máa dì mú. Mo fi hàn án. Ó wá tẹrí sún mọ́ ìyá mi.

"Ibo ló ń dùn yín, Màmá?"

Ìyá mi gbé ọwọ́ obìnrin náà, ó gbé e lé ibi tó ń dùn ún.